Ọ̀dà inú odó àdúgbò wa

Iṣẹ́ ọnà ìta gbangba ni iṣẹ́ ọnà tí wọ́n gbé síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, kí wọ́n sì fọwọ́ kàn án. Tiwa ní àdúgbò Adébáyọ̀ ni odó ńlá tí ayàwòrán kan kùn ní ọ̀dà, kí àdúgbò lè máa gúnyán jẹ pọ̀.

Láàárọ̀ yìí, iṣu ti jinná. Mo yọjú wo inú odó. Búlúù! Ara fu mí.

Mo bi ayàwòrán náà tó dúró tì wá pé, "Ẹ kun inú rẹ̀ náà?"

Ó ní, "Ó ti gbẹ, mà."

Ìyá Ṣadé, aládùúgbò mi, ti gbé ọmọ odó dání. Ó sọ fún mi pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ wa ní kẹ́mísìrì lórí ebi!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ gún ègé iṣu kan wò.

Iyán náà jáde ní búlúù. Ẹ̀rín tán. Ìyá Ṣadé fúnra rẹ̀ ló lọ gbé odó ilé rẹ̀ wá.

Ọ̀dà tó gbẹ ṣì ń bó tí a bá gún iṣu gbígbóná lórí rẹ̀.

Ṣé irú odó yìí wà ládùúgbò yín? Ẹ sọ fún mi. Bí ọ̀dà bá wà nínú rẹ̀, ẹ fi ṣe ọ̀ṣọ́, kí ẹ gúnyán nínú èyí tí wọn ò kùn.