Ọjọ́ Tí Wọ́n Gé Wáyà Sólà Mi

Ọjọ́ tí wọ́n gé wáyà sólà mi, mo gé onígbàjámọ̀ àdúgbò wa jẹ léjìká, ẹ̀jẹ̀ jáde, mi ò sì kábàámọ̀ ẹ̀ títí dòní. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ kí ẹ tó máa pè mí ní wèrè.

Télọ̀ ni mí, ní Mushin. Ilé Àlàájà, onílé wa, ni mo háyà, ṣọ́ọ̀bù níwájú, yàrá mi lẹ́yìn ẹ̀. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ ń ránṣọ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù kí omi má baà bà á jẹ́, ó tilẹ̀kùn, ó sùn tì í. Èmi ni mo já ilẹ̀kùn. Èéfín ló kọ́kọ́ lù mí lójú kí n tó rí i nílẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo búra pé jẹnẹrétọ̀ kankan ò ní wọ ibi tí mo bá wà mọ́, kódà kó jẹ́ pé àbẹ́là ni màá fi máa ránṣọ.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan wá láti Ìlúpéjú, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé sólà kan tí gbogbo ojúlé tó bá forúkọ sílẹ̀ á jọ máa lò, èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Orí òrùlé Àlàájà ni wọ́n to páńẹ́lì sí, torí ilé wọn ló ga jù ládùúgbò. Oṣooṣù là ń sanwó. Òfin ẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi iná náà mú nǹkan gbóná, ì báà jẹ́ áyọ̀nù, ì báà jẹ́ sítóòfù. Báàtìrì ò lè gbé e. Ẹni tó bá dán an wò, gbogbo ojúlé ló máa ṣókùnkùn, àfi tí wọ́n bá tún wá tàn án láti Ìlúpéjú, ìyẹn sì lè di ọ̀sán. Áyọ̀nù eléèédú ni mo wá ń lò, níta gbangba. Mò ń ránṣọ, mò ń sùn, mò ń mí, kò sí èéfín kankan nínú ilé mi.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni wàhálà dé. Bó bá ti di ìdájí, kí wọ́n tó pe ìrun, iná á kàn kú. Onígbàjámọ̀ la fi ṣe alága sólà. Àwọn tó fẹ́ gẹrun kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́ á wá bá a, wọ́n á padà, inú á bí i. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí nìyẹn. Èmi ni mo máa ń jí ránṣọ ní ìdájí. Ta ló tún máa lọṣọ, tí kì í bá ṣe télọ̀?

Wọ́n ní àwọn á yẹ ojúlé kọ̀ọ̀kan wò. Mo ní kí wọ́n wọlé, mi ò jí nǹkan oníǹkan. Onígbàjámọ̀ tú àpò abẹ́ tábìlì mi, ó fa áyọ̀nù oníná kan jáde. Àbúrò mi ló rà á fún mi. Láti ọjọ́ tó ti kú ni mo ti fi aṣọ wé e, mi ò tì í bọ iná mọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ó ní irọ́ ni. Ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn rí i, ó là á mọ́ kọnkéré, ó fọ́.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ọrùn ẹ̀. Ó fọ́ mi létí, mo rí iná tí sólà ò lè tàn láyé. Mo gé e jẹ, mi ò jọ̀wọ́ ẹ̀. Ó da ẹ̀ṣẹ́ bò mí lẹ́nu, eyín mi kan bọ́ sílẹ̀. Àwọn obìnrin ojúlé kejì fà mí nírun, wọ́n ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi nípàá, ó dojú dé. Ó wá nàka sí mi, ó ní, "Jẹnẹrétọ̀ tó pa àbúrò ẹ, ìwọ ló yẹ kó pa." Ó gbé àkàbà, ó gùn ún, ó fi pílásì gé wáyà mi, ó ní kí n lọ ra jẹnẹrétọ̀.

Àlàájà wà lókè, níwájú yàrá wọn, tẹ̀súbà lọ́wọ́. "Ẹ rọra, ẹ̀yin ọmọ yìí," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Orí tèmi wọ́, àgbà sì wà níbẹ̀.

Mi ò sùn. Nígbà tó di ìdájí, iná kú bó ṣe máa ń kú. Mo jáde pẹ̀lú ẹnu tó wú. Onígbàjámọ̀ náà jáde, àwọn obìnrin jáde, gbogbo wa ń wo wáyà mi tó ń fì lára ògiri. Kò sẹ́ni tó lè pe orúkọ mi. Mo ní, "Yàrá kan ló kù tí ẹ ò tíì yẹ̀ wò." Gbogbo wọn wòkè. Ta ló máa wọ yàrá Àlàájà lọ máa tú u?

Àlàájà fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde, omi ẹ̀ ń yọ ooru, irin oníná tí wọ́n fi ń se omi wà nínú ẹ̀. "Omi tútù ń ta mí lórúnkún," ni wọ́n wí. "Omi àlùwàlá ni."

Ẹ ó rò pé ẹnì kan máa fọ́ wọn létí. Ṣe ni onígbàjámọ̀ dọ̀bálẹ̀, tó ń kí wọn kú ìnira orúnkún. Àlàájà wò mí, wọ́n ní Ọlọ́run á san án fún mi. Mo ní àmín, torí mi ò lè sọ ohun tó wà nínú mi fún ìyá àgbà. Àmọ́ ó dùn mí wọ egungun.

Nígbà tí ẹni Ìlúpéjú dé, tó tan iná, onígbàjámọ̀ gbé àkàbà wá láti so wáyà mi padà. Ó ń wá ẹni tó máa bá a di àkàbà náà mú. Mo ní èmi máa dì í mú. Kò lè kọ̀ lójú gbogbo èèyàn.

Ó gùn dé òkè, ó so ó. Mo mi àkàbà náà lẹ́ẹ̀kan. Ó dì mọ́ ògiri.

Mo pè é bí mo ṣe máa ń pè é kó tó lù mí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bẹ àbúrò mi."

"Má bínú sí mi," ló wí, "mo bẹ̀ ẹ́."

"Èmi kọ́. Òun ni kí ẹ bẹ̀."

Ó kọjú sí ògiri, ó bẹ òkú náà títí ohùn ẹ̀ fi há. Mo gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ni mo fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà náà mú, kó lè sọ̀ kalẹ̀.