Mo Ti Yó, Wọn Ò Gbà Mí Gbọ́

Mo rántí bí téèpù màámi ṣe máa ń tutù ní ìbàdí mi. Aránṣọ ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Igando, àwa sì ń gbé ní Egan. Bí ilé-ìwé bá ti fẹ́ wọlé, wọ́n á wọn ìbàdí mi, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á sì tú ojú rírán aṣọ ilé-ìwé mi kí wọ́n lè fẹ̀ ẹ́ sí i. Inú tèmi ń dùn ṣá. Ní àdúgbò wa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni àwọn èèyàn ń kí kí wọ́n tó kí èmi alára. Wọ́n á fà á, wọ́n á ní màámi mọ ọmọ tọ́jú. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tó ń pè mí ní orobo nìkan ni kò bá wọn yìn mí, mo sì gbà pé ìlara ló ń dà wọ́n láàmú.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn kíláàsì wa. Màámi mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gbé mi sórí ìwọ̀n, ó gún mi níka, ó ní ṣúgà ti ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi, pé bí a ò bá tètè wá nǹkan ṣe sí sísanra yìí, àìsàn àgbà lè bá mi ní kékeré. Àtọ̀gbẹ ló pa bàbá tó bí màámi. Láti ọjọ́ náà, mínírà kò wọlé wa mọ́, ẹ̀bà mi kéré, ẹ̀fọ́ pọ̀ sí i. Wọ́n sì kọ́ mi ní ohun tí màá máa sọ bí ẹnikẹ́ni bá fún mi lóúnjẹ lẹ́yìn èyí tí àwọn bù fún mi: "Ẹ ṣé mà, mo ti yó."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ rèé. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló máa ń wà nílé tí mo bá ti ilé-ìwé dé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá gbé lọ́dọ̀ wa. Bí mo bá jẹ oúnjẹ tí màámi bù sílẹ̀ tán, ìyá àgbà á gbé àwo dòdò wá. Màá kúnlẹ̀, màá ní mo ti yó. Ojú wọn á tàn. "Ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́ lèyí," ni wọ́n á wí, wọ́n á tún bù sí i. Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ tó nílé kì í sáré gba oúnjẹ? Bí ebi ń pa á kú lọ, ó ti yó ni yóò wí, àgbà ló sì yẹ kó rọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ mo yó lóòótọ́ o. Màá tún un sọ, ohùn mi á rẹlẹ̀ sí i, wọ́n á ní kí n má tijú jàre, ilé baba mi ni mo wà. Bí mo ṣe ń kọ̀ tó ni dòdò ń pọ̀ tó. Mò ń jẹ ẹ́, kí ni ǹ bá ṣe?

Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Ó wo ìwọ̀n, ó wo màámi bí ẹni tó ń parọ́. Màámi bú sẹ́kún. Mi ò rí wọn kí wọ́n sunkún níta rí, ẹ̀rù bà mí, orí mi sì dàrú. Mo ṣe ohun tí màámi wí, mo ṣe ohun tí ìyá àgbà wí, ara mi nìkan ni kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe délé, màámi fi téèpù wọ̀n mí, wọ́n fi wọn tábìlì, wọ́n tún wọ̀n mí, bóyá téèpù ló bàjẹ́.

"Kí lo ń wá lára ọmọ yìí?" Ìyá àgbà ló bèèrè.

Màámi kúnlẹ̀, wọ́n sọ ohun tí wọn ò fẹ́ kí ará ilé ọkọ gbọ́: àìsàn tó pa bàbá wọn, àti ohun tí nọ́ọ̀sì rí nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ìyá àgbà yíjú sí mi. Wọ́n ní ṣé nígbà tí mo ń sọ pé mo ti yó, ṣé mo yó ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní gbogbo ìgbà yẹn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu.

Láti ìgbà náà, dòdò dáwọ́ dúró. Bí ìyá àgbà bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, wọ́n á ní kí n sin àwọn lọ kí ọ̀rẹ́ wọn lápá Akesan, ẹsẹ̀ la sì fi ń rìn ín. Mo ń kùn lójú ọ̀nà, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Díẹ̀díẹ̀, èémí mi já geere, màámi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba aṣọ mi sínú. Àwọn aládùúgbò tó ń fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wá ń bi wọ́n pé kí ló ń ṣe ọmọ yìí, àbí ara rẹ̀ ò yá ni. Mi ò mọ èyí tí à bá ṣe tó máa tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ìyá àgbà ti re ibi àgbà ń rè. Èmi náà ti di ìyá. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, ọmọ mi ti abọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Mọ́mì, mo ti yó," ó sáré jáde lọ ṣeré. Ìrẹsì ṣẹ́kù síbẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí n pè é padà, mi ò pè é. Mo jókòó ti abọ́ náà, mo ń gbìyànjú láti rántí bí ó ṣe máa ń rí nínú èèyàn tó bá yó. Láti kékeré ni ẹnu mi ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún àgbà. Inú mi ni kò dá a mọ̀ mọ́. Ibi tí mo ti ń rò ó ni mo ti jẹ ìrẹsì náà tán.