Oògùn Ìyá Àgbà Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Lónìí, bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo lò láàárọ̀ ṣe lé mi lọ sí ilé ìtọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo rántí ọ̀sán ààwẹ̀ kan ní agbo ilé wa ní Ẹdẹ.

Ìyá àgbà jókòó sórí ẹní, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Òórùn àbóníkí gba yàrá kan. Wọn kò lè dùbúlẹ̀, èémí wọn ń sáré. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ wọn tó wú. Ojú ibẹ̀ jìn sínú, kò sì dìde. Mo tún tẹ ibòmíràn.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé iyán lo rò pé ò ń bù ni?"

Ìyá mi kò lè jókòó; wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá, ṣé ẹ lo oògùn yín ní sààrì?"

"Oògùn tó ń mú mi tọ̀ ṣáá? Ó ń ba àlùwàlá mi jẹ́. Ó di lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀."

"Lẹ́yìn ìtúnu kẹ̀? Ẹ wo bí ẹ ṣe ń mí!"

"Àárẹ̀ ààwẹ̀ ni."

Èmi kò mọ̀ nígbà náà pé omi tí ọkàn wọn kò lágbára láti lé jáde mọ́ ni mo ń fi ṣeré.

Nírọ̀lẹ́, bàbá mi sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù. Wọ́n padà wálé, ṣùgbọ́n wọn kò fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé mọ́ṣáláṣí mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí oògùn bá ń ni yín lára, ẹ bi dókítà ní àsìkò tó yẹ kí ẹ máa lò ó. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín, kódà nítorí ìrun.