Àga Kan Lẹ́nu Ọ̀nà Àǹtí Tú-u

Aṣọ ìgbéyàwó funfun ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń rán. Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n ti ń rán an nínú yàrá kan ṣoṣo tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, èmi sì ni mo ni ṣọ́ọ̀bù kékeré tó fara ti ògiri wọn. Bísíkíìtì, búrẹ́dì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, súwíìtì, ohun tí mò ń tà nìyẹn. Ẹ fi sọ́kàn, torí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bọ̀ wá bá mi.

Àǹtí Tú-u ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Tí ọmọ iṣẹ́ wọn bá rán ìlà kan tó wọ́ díẹ̀ báyìí, ẹ̀gbọ́n mi á kàn na ìka sí i: "Tú u." Kò sí àlàyé, ẹ̀bẹ̀ ò sì ràn án. Èmi náà jẹ nínú ẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí wọ́n ń kọ́ mi níṣẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n ní kí n tú etí ìrọ̀rí kan ṣoṣo. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá, mo ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo ní ó tán. Bí mo ṣe di oníbísíkíìtì nìyẹn.

Òfin kan wà nínú yàrá yẹn tó ju gbogbo òfin lọ: epo ò gbọdọ̀ wọlé. Kí ọbẹ̀ ta kán sára aṣọ ìyàwó báyìí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Nítorí náà, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ oúnjẹ gidi. Ohun gbígbẹ tí kì í lẹ̀ mọ́ ìka ni wọ́n ń jẹ: bísíkíìtì pákẹ́ẹ̀tì kan láàárọ̀, búrẹ́dì funfun lọ́sàn-án, ọtí ẹlẹ́rìndòdò mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin. Tí wọ́n bá fi máa délé, ó ti rẹ̀ wọ́n ju kí wọ́n dáná lọ, wọ́n á tún fi bísíkíìtì panu sùn. Tí ebi bá pa wọ́n lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì, èmi á ti mọ̀, màá ti gbé e dé. Inú mi tiẹ̀ máa ń dùn pé èmi ni mò ń bọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò rí ìwà òmùgọ̀?

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìka àárín ló kọ́kọ́ wú. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ wọn á gan láàárọ̀, á tó wákàtí kan kó tó rọ̀. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ló gún àwọn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́rẹ́ wo ló gún ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà?"

Wọ́n ní kí n lọ gbájú mọ́ súwíìtì mi. Agídí wà nílé wa, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi ń fi ìpara pa á, tí wọ́n ń fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò mi gbé oògùn ìrora mì.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn, obìnrin. Ọmọ ọdún méje ni ọmọ náà wà tí ẹ̀gbọ́n mi ti ra léèsì funfun kan sínú àpótí. Wọ́n ní aṣọ ìgbéyàwó ọmọ àwọn, ọwọ́ àwọn nìkan ló máa rán an, ìbáà ṣe bọ́tìnnì, ẹnikẹ́ni ò ní bá àwọn fọwọ́ kàn án. Ọkọ wọn ti kú, ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ ò jọ. Ohun tó kù tí wọ́n ń retí nìyẹn. Ọjọ́ tí ọmọ wá sọ pé ìgbéyàwó òun ku oṣù mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ wọn kí wọ́n tó wo ojú ọmọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbà kí n mú wọn lọ sí ọsibítù.

Dókítà obìnrin tó yẹ̀ wọ́n wò ò tíì dàgbà púpọ̀, àmọ́ ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó tẹ ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo fọ́tò egungun. Ó ní ara ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá ara rẹ̀ jà, pé ohun tó yẹ kó máa lé àìsàn jáde ló yíjú padà, tó dáná sí oríkèé ìka. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà. Ó ní oúnjẹ nìkan kọ́ ló fà á, oúnjẹ nìkan ò sì lè wò ó, pé oògùn rẹ̀ wà, ó yẹ kí wọ́n ti wá gbà á láti ọdún tó kọjá. Ó wá béèrè pé, "Mọ̀mí, kí lẹ máa ń jẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi kà á fún un. Dókítà rọra gbé kálàmù sílẹ̀.

"Ẹja ńkọ́? Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso?"

"Lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Tí mo bá ráyè."

Dókítà ní ṣúgà tó pọ̀ tó yẹn lójoojúmọ́ dà bíi kéèyàn máa ti igi bọ iná tó yẹ kó máa pa. Mi ò lè gbójú sókè. Ta ló ń tagi? Èmi náà ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo se ẹ̀wà, mo se ẹja àti ẹ̀fọ́ sí i. Mo gbé àga kan síta lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo gbé omi àti ọṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó níta, wọ́n jẹun, wọ́n fọwọ́ dáadáa, wọ́n padà sídìí aṣọ funfun. Epo ò kan nǹkan kan. Àga kan lásán. Ọdún mẹ́tàlélógún, kò sẹ́ni tó ro ìyẹn nínú àwa méjèèjì. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo sunkún títí oníbàárà fi wọlé.

Wọ́n lo oògùn, wọn ò fẹnu kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò mọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, wíwú náà ti lọ sílẹ̀, ìrora ti dín kù. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta ti tẹ̀, àtàǹpàkò ò lè pàdé wọn mọ́. Dókítà ní iná ti ń kú lọ, àmọ́ ohun tó ti jó ti jó. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di àlùmọ́gàjí mú, wọ́n gé léèsì náà. Wọ́n fi máṣíìnì rán èyí tí máṣíìnì lè rán. Ó wá ku ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ aṣọ, èyí tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ọwọ́ nìkan ló lè ṣe é. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́fà. Láti inú ṣọ́ọ̀bù, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń fa àga sẹ́yìn kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ mú abẹ́rẹ́ tó bọ́. Wọ́n á dìde, wọ́n á jókòó, abẹ́rẹ́ á tún bọ́. Nígbà tó yá, wọ́n kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì.

Mo rò pé òùngbẹ ni, mo bu omi lọ.

"Gbé omi yẹn sílẹ̀. Lọ fọ ọwọ́ ẹ."

Mo fọ̀ ọ́.

"Tún un fọ̀."

Mo tún un fọ̀. Wọ́n gbé ìsàlẹ̀ aṣọ náà lé mi lẹ́sẹ̀, wọ́n na abẹ́rẹ́ sí mi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ṣe é. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ mi ò dáa."

"Mo mọ̀. Ọwọ́ ilé wa ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Mi ò tíì rán an jìnnà tí mo fi rí i pé ó ti wọ́. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà á rí i. Mo dúró, mo ń retí ọ̀rọ̀ tí mo ti mọ̀ láti kékeré, mo tiẹ̀ ń gbàdúrà pé kí wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka tó ti tẹ̀ yẹn tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Wọ́n ní, "Máa rán an lọ."