Sájẹ́ǹtì Pruitt àti Kọ́nẹ́ẹ̀lì Tó Fẹ́ Ẹ̀rọ Kọfí

Ẹ má bínú bí mo bá ń pariwo, ọ̀rọ̀ Leland Pruitt kì í jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Sájẹ́ǹtì ni, ọmọ Arkansas, òun ló ń tún ẹ̀rọ tó ń mú àgọ́ wa gbóná ṣe. Irin àti ọ̀rá nìkan ló mọ̀. Bí ìyàwó ẹ̀ bá ní kó ra búrẹ́dì, á tún pè é láti ilé ìtajà pé èwo gan-an. Òun yìí ni wọ́n wá ní kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi owó ìjọba rajà fún ológun, wọ́n sì ní kí èmi, Kọ́púrà Lorena Tafoya, bá a lọ.

Òun fúnra ẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ fún un o. Nígbà òtútù tó kọjá, a wà ní Poland, rọ́bà inú ẹ̀rọ amúgbóná náà bẹ́. Ilé ìtajà tó ń ta irú rọ́bà yẹn wà ní òdìkejì títì, a ń wò ó báyìí, àmọ́ kò sẹ́ni tí ìjọba fún láṣẹ láti rà á nínú wa. A kọ̀wé, a dúró, a tún dúró. Kí èsì tó dé, òtútù ti pa ìka ẹsẹ̀ Odom, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun wa, nínú bàtà, dókítà sì gé e. Pruitt ló gbé Odom pọ̀n lọ sọ́dọ̀ dókítà. Látìgbà náà ló ti ń sọ pé, "Tafoya, irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ lójú mi." A sì ti fẹ́ padà sí Poland báyìí. Bí Pruitt ò bá gba lẹ́tà ìjọba tó sọ ohun tó láṣẹ láti rà, bí a ṣe wà náà la máa wà.

Ìyáàfin Verna Stroud ló ń kọ́ wa. Kì í ṣe ológun, ṣùgbọ́n òun ló ń fọwọ́ sí lẹ́tà náà.

"Pruitt, ìwọ lo máa sọ pé ká ra nǹkan. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó. Tafoya, ìwọ lo máa sanwó. O ò gbọdọ̀ dá sí ohun tí a fẹ́ rà."

"Bó bá wá rà á ní àràkárà ńkọ́, mà?" ni mo bi í.

"Pa ẹnu ẹ mọ́."

Pruitt nawọ́. "Kọ́nẹ́ẹ̀lì wa ńkọ́, mà? Bó bá ní kí n ra nǹkan?"

"Bí kò bá sí nínú lẹ́tà ẹ, o ò ní rà á. Bó o bá rà á, àpò ara ẹ lo máa fi san án."

"Kí n wá sọ fún Kọ́nẹ́ẹ̀lì pé rárá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Háà! Ẹ wo ojú ọkùnrin yìí. Látìgbà tó ti wọṣẹ́ ogun, bí ọ̀gá bá ní dìde, ó dìde, bó bá ní jókòó, ó jókòó. Bá a ṣe ń jáde ló ń bi mí pé, "Tafoya, ta wá ni ọ̀gá mi báyìí?" Mo ní, "Èmi kọ́."

Wọ́n kó ọjà sínú ìsọ̀ kan nínú bárékè fún ìdánrawò, wọ́n sì háyà àwọn òṣèré láti máa dán wa wò. Ọ̀kan ṣe bí àlùfáà, ó ń sunkún pé òkùnkùn bo ṣọ́ọ̀ṣì òun. Ẹ gbọ́, Pruitt ra àbẹ́là fún un! Inú bí Ìyáàfin Stroud, torí àbẹ́là ò sí lára ohun tí wọ́n ní kó rà. Ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Látọjọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó bá ṣáà wọlé, òṣèré ni lójú Pruitt.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Rọ́bà ni wọ́n ní kó rà. Ó ń ná an lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú àmì kọ́nẹ́ẹ̀lì láyà. Ọ̀gá wa tuntun ni! Lọ́jọ́ tí wọ́n kí i káàbọ̀, abẹ́ ọkọ̀ ni Pruitt wà, kò rí ojú ẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì, bá mi fi ẹ̀rọ kọfí yẹn kún un. Ti ọ́fíìsì mi ti bàjẹ́."

Pruitt bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ṣiṣẹ́ yín dáadáa. Ológun wo ló ní irú ikùn yìí? Ẹ máa lọlé."

Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Mo wúkọ́. Mo tún wúkọ́.

"Tafoya, lọ mumi."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì fa káàdì ẹ̀ yọ, ó gbé e sí i níwájú. Pruitt kà á, ojú ẹ̀ funfun báláú. Ó wo Ìyáàfin Stroud, ìyẹn ń wo ilẹ̀.

"O ti wá mọ̀ mí báyìí," ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì wí. "Rà á."

Ọwọ́ ọ̀tún Pruitt gòkè lọ síwájú orí, ó kí i bí ológun ṣe ń kí ọ̀gá. Ọwọ́ ọ̀hún ò sọ̀kalẹ̀. Òógùn bò ó. "Sà," ló wí, "rárá, sà."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì wò ó títí. Ó yí padà, ó sì jáde.

Ìyáàfin Stroud fọwọ́ sí lẹ́tà, ó nà án sí Pruitt. Pruitt ń rẹ́rìn-ín, ara ti tù ú. "Mà, ẹ fẹ́ pa mí o. Ẹ lọ gbé kọ́nẹ́ẹ̀lì gidi wá dán mi wò!"

"Èmi kọ́ ni mo pè é."

"Ta ló wá pè é?"

"Kò sẹ́ni tó pè é. Ẹ̀rọ kọfí ló fẹ́."

Pruitt jókòó sórí àpótí kan. Àánú ẹ̀ ṣe mí, òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó dá lẹ́tà náà padà sórí tábìlì.

"Ẹ mú un, mà. Mo rò pé ìdánwò ni. Ká ní mo mọ̀ pé kì í ṣe ìdánwò ni, mi ò mọ̀ bóyá ǹ bá ti rà á."

Orí mi gbóná. Ta ló bi í? Ká ṣáà gba lẹ́tà ká máa lọ! Odom ńkọ́? Òtútù Poland ńkọ́?

Ìyáàfin Stroud ò bínú. Ó mú lẹ́tà náà, ó fi sínú àpò àyà Pruitt fúnra ẹ̀, ó sì de bọ́tìnnì ẹ̀.

"Bó o bá dé ọ̀hún," ló wí, "kò sẹ́ni tó máa sọ fún ẹ pé ìdánwò ni tàbí kì í ṣe ìdánwò. Máa sọ pé rárá bó o ṣe sọ ọ́ lónìí."