Ìlà Tí Ìyá Mi Máa Ń Kì Lẹ́ẹ̀mejì

Ìyá mi kò mọ ohun tí mò ń fi àbùùbùtán ṣe. Á máa sọ fún àwọn tó ń ra òwú lọ́wọ́ rẹ̀ ní Òṣòdì pé, "Ọmọ mi yìí kàwé kàwé, ẹja ló padà wá ń kà." Èmi náà kò rí àbùùbùtán, ẹranko òkun tó tóbi ju erin lọ, sójú rí. Lẹ́tà DNA rẹ̀ ni mò ń kà lórí kọ̀ǹpútà nílé wa ní Ìsọlọ̀, tí mò ń wá ẹranko tó bá a tan.

Erinmi ló bá a tan jù. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n DNA a máa ṣèèṣì tún apá kan kọ síbi tí kò yẹ, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sì wà níbì kan náà lára àwọn méjèèjì, kò sí lára màlúù. Ọ̀dọ̀ ìyá ńlá kan náà ni wọ́n ti jogún rẹ̀.

Ìyá mi náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Bó bá ń fi oríkì ilé wọn kí mi láàárọ̀, á ní, "Ọmọ apọnmi má tà," á mí kanlẹ̀, á tún un kì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni àwọn ará ìlú wọn yòókù ń kì í. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìyá àwọn ṣe kọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n òun obìnrin. Bàbá wọn kò fẹ́ ọkùnrin tí ẹ̀gbọ́n náà ń fẹ́, ló bá tẹ̀ lé e wá sí Èkó, wọn ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀ mí: "Bá mi wá a, kí n rí i kí n tó lọ."

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, mo ra ọsàn lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan ní Apakun. Ó ń fi oríkì rẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́kún. "Ọmọ apọnmi má tà." Ó mí kanlẹ̀, ó tún un kì. Mo ní ará ìlú ìyá mi pọ̀ ní Èkó, ogbó ló sì ń jẹ́ kí arúgbó yìí máa ṣì í kì. Mo gba ọsàn mi, mo bá tèmi lọ. Ọ̀mọ̀wé òṣì!

Ìyá mi kú. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ni mo padà sídìí iṣẹ́, tí mo to lẹ́tà erinmi sábẹ́ ti àbùùbùtán, tí ojú mi bọ́ sórí àṣìṣe yẹn. Mo rántí ìyá ọlọ́sàn tó kì í lẹ́ẹ̀mejì bíi ti ìyá mi. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Mo sáré lọ sí Apakun.

Ìyá náà wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dárúkọ ilé wọn. Ó di ojú mi mú, ó wò mí títí, ó bú sẹ́kún.

"Àbúrò mi ló rán ẹ, àbí? Ibo ló wà? Kí ló dé tí ẹ ò jọ wá?"

Mi ò tíì lanu tó fi ń ṣa ọsàn tó tóbi jù sínú ọ̀rá, ó ní kí n bá òun gbé e fún àbúrò òun.