Àwọn Kókó Tí Mo Tú Lára Wáyà Ọkọ̀

Gírísì kì í tètè kúrò lábẹ́ èékánná. Ìpẹ́ ẹja rọrùn. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn, ó tán. Ṣùgbọ́n dúdú inú ẹ́ńjìnnì, ó lo ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi nígbà tí mò ń wí yìí, òun ló sì tú àṣírí mi fún ẹni tí mo ṣẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi kì í bá wọn bú mẹkáníìkì. Mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí n jẹun. Ó yá kí n sọ ọ́.

Ìyàwó tuntun ni mí, oyún àkọ́bí mi sì ti ń hàn. Etí ọ̀sà ní Bàrígà là ń gbé, láàárín àwọn ará ilé wa tí wọ́n wá láti etí òkun ní ìhà Oǹdó. Igbó ni Àkọkà nígbà náà, kò tíì sí yunifásítì. Igi tí a fi ń yan ẹja la máa ń lọ ṣẹ́ níbẹ̀. Ọkọ mi ní fáàn kékeré kan. Ọkọ̀ ò pọ̀ láyé ìgbà yẹn. Ẹni tó bá ní fáàn, òkèèrè ni wọ́n ti ń kí i. Èmi á yan ẹja, òun á gbé e lọ sí Múṣin àti Ẹ̀búté Mẹ́ta, tèmi àti ti àwọn obìnrin yòókù.

Mẹkáníìkì tó ń bá wa tún un ṣe ní àtíbàbà kan ní Abúlé Òkúta. Àgbàlagbà ni, Mùsùlùmí, ará Ọ̀yọ́. Kò mọ̀wé, bí èmi náà ò ṣe mọ̀ ọ́n. Á kọ́kọ́ dẹ etí sí ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́, kó tó sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan ló pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wa. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, púlọ́ọ̀gì ni nǹkan kékeré tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì. Wáyà kọ̀ọ̀kan ló ń gbé iná wá bá a. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó ń ṣe é.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ń fọ òórùn ẹja kúrò nínú fáàn bí mo ṣe máa ń ṣe. Ọkọ mi ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti bu omi sí ẹ́ńjìnnì, ó wá wọlé lọ jẹun. Mo yọjú wo ibẹ̀. Àkísà funfun wà lára wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì ta kókó sí wọn: ọ̀kan ní kókó kan, èkejì ní méjì, ẹ̀kẹta ní mẹ́ta, ẹ̀kẹrin ní mẹ́rin. Àyà mi já. Obìnrin kan tí a jọ ń yan ẹja, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ń gbé garawa kọjá. Mo pè é. Ó wo ibẹ̀, ó lu àyà.

"Ìyàwó, ṣé o ò lójú ni? Okùn ìdè nìyẹn! Wọ́n ti so ọkọ̀ ọkọ rẹ mọ́lẹ̀. Ojoojúmọ́ ni yóò máa bàjẹ́, ọ̀dọ̀ bàbá mẹkáníìkì yẹn náà ni yóò sì máa wọ́ lọ."

"Bàbá jẹ́jẹ́ yẹn?"

"Àwọn jẹ́jẹ́ gan-an ni kó o sá fún."

Ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wa títí nípa okùn tí a kò mọ ẹni tó so ó. Mi ò bi ọkọ mi. Mi ò lọ bi bàbá. Àwọn kókó náà le, nítorí náà mo fa orí wáyà kúrò lórí púlọ́ọ̀gì kí n lè bọ́ àkísà náà gba ibẹ̀. Mo yára dá wọn padà kí ọkọ mi tó jẹun tán. Wáyà mẹ́rin, orí mẹ́rin, bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú mi. Mo da àkísà náà sọ́sà, mo gbàdúrà, mo sì sùn fọnfọn. Oorun yẹn wà lára ohun tó ń tì mí lójú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, a ti di ẹja sínú fáàn, agbọ̀n mẹ́wàá. Ọkọ mi fi irin yí ẹ́ńjìnnì. Ó jí, ó ń gbọ̀n, ó ń ṣe pù-pù-pá bí ẹni tí ibà ń ṣe, lẹ́yìn náà ló dún gbàù bí ìbọn níbi tí èéfín ń gbà jáde. Adìẹ tú ká. Ó ń mísì, bí àwọn mẹkáníìkì ṣe máa ń pè é: ibì kan ń jó nínú rẹ̀, ibì kan ò jó.

"Ṣé púlọ́ọ̀gì tuntun rèé?" ni ọkọ mi ń pariwo. "Àlòkù ni! Ó fọ àlòkù, ó gbé e fún mi!"

Fáàn náà wọ́ ara rẹ̀ dé Abúlé Òkúta, ó ń yìnbọn lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn ń yọjú wò wá. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Kò tíì wá sí mi lọ́kàn pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ohun tí mò ń rò ni pé ìdè tí mo já ló ń bínú.

Bàbá ò tíì kí wa tán tí ọkọ mi fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó tó bàbá tó bí i, ìwọ ló ń pè é. "Olè ni ọ́! Ìwọ bàbá yìí, òkú púlọ́ọ̀gì lo tà fún mi!" Awakọ̀ méjì tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tiwọn dìde wá wòran, èmi náà sọ̀ kalẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàn.

"Má pa ẹ́ńjìnnì," ni bàbá kàn wí. "Jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ báyìí."

Ó mú igi gbígbẹ méjì, ó fi há orí wáyà àkọ́kọ́, ó fà á kúrò. Ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó dá a padà: "Èyí ń ṣiṣẹ́." Ó fa èkejì, ìró náà ò yí padà. Ó fa ẹ̀kẹta, bákan náà. Nígbà tó fa ẹ̀kẹrin, ẹ́ńjìnnì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kú.

"Àwọn méjì àárín ló ń sùn."

Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ púlọ́ọ̀gì àárín méjèèjì, ó so wọ́n padà mọ́ wáyà, ó gbé wọn lé ara irin, ó ní kí ọkọ mi yí i. Iná ta pàrà lẹ́nu méjèèjì.

"Dẹ́rẹ́bà," ni bàbá wí, "ṣé òkú máa ń ṣáná?"

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ wáyà láti orí dé ìdí, ó ń wá nǹkan.

"Kókó mi dà?"

"Kókó wo?" ni ọkọ mi bi í.

"Mo ta kókó sí wáyà kọ̀ọ̀kan. Oníkókó kan, púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ ló ni ín. Oníkókó méjì, èkejì ló ni ín. Mi ò mọ nọ́ńbà kọ. Ìwé tèmi nìyẹn."

Mo bojú wẹ̀yìn. Agbọ̀n mẹ́wàá wà lẹ́yìn mi nínú fáàn, mo sì ta kókó sí ọwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: kókó kan, Múṣin, kókó méjì, Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ìyá mi tó ń hun àwọ̀n ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹni tó ń hun àwọ̀n rí kókó, ó pè é ní oògùn.

Bàbá gbójú sókè. Ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi. Dúdú náà ṣì wà lábẹ́ èékánná. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìró, ó sì rí mi bí mo ṣe kì í bọ̀ ọ́. Ó wo ikùn mi. Ó wo ọkọ mi tí iṣan ọrùn rẹ̀ le gan-gan.

"Bóyá èmi ni," ló wí. "Bóyá mi ò tilẹ̀ ta á. Ọwọ́ mi ló ṣi wáyà gbé. Àgbà ti ń dé."

Àyè wà fún mi láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dì mí lẹ́nu. Mo kàn dákẹ́ ni.

Bàbá yọ púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́, ó fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, ó ní kí ọkọ mi rọra máa yí irin náà, títí afẹ́fẹ́ fi ti àtàǹpàkò kúrò. Láti ibẹ̀ ló ti mọ èyí tó kan láti ṣáná, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ó gbé wáyà èkejì sípò ẹ̀kẹta, ó gbé ẹ̀kẹta sípò èkejì. Ẹ́ńjìnnì jí, ó ń dún geere bí ọlọ tó ń lọ ata. Ọkọ mi pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Kò bẹ̀ ẹ́, kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà di àpárá létí omi. Láràárọ̀ ni ọkọ mi ń sọ ọ́ fún àwọn awakọ̀ tó ń wá kó ẹja: "Bàbá tí kò mọ èkejì yàtọ̀ sí ẹ̀kẹta!" Nígbà tó yá, wọ́n ń gbé ọkọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tó mọ̀wé ní Ṣómólú. Bí mo bá ń kọjá níwájú àtíbàbà bàbá, màá rí i lórí àgbá tó jókòó lé, sípánà rẹ̀ wà ní títò nílẹ̀, kò sí ọkọ̀ kankan níwájú rẹ̀. Á sì kí mi: "Ìyàwó wa, o kú ọjà o. Ṣé ara le?" Nígbà tí mi ò lè dáhùn mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn kọjá.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi yẹn wá ń bá mi yọ̀. "Ṣó o rí i? O já ìdè rẹ̀, ọjà rẹ̀ sì kú!" Ó gbá mi lẹ́yìn bí akọni. Mo gbé àwo oúnjẹ mi tì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, awakọ̀ bíi mẹ́fà wà létí omi, ọkọ mi sì tún gbé ìtàn rẹ̀ dé. Mo sọ agbọ̀n kalẹ̀ kó tó dé ibi ẹ̀rín.

"Kì í ṣe bàbá," mo ní. "Èmi ni mo tú kókó wọn. Èmi ni mo fa wáyà yọ, tí mo ṣì í dá padà."

"Kí lò ń sọ?"

"Mo rò pé oògùn ni. Bàbá mọ̀ pé èmi ni. Wọ́n bò mí láṣìírí ni."

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ní, "Dẹ́rẹ́bà, púlọ́ọ̀gì ẹ dáa o. Ìyàwó ẹ ló ń mísì!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ọkọ mi ni wọ́n sì ń fi rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi ní kí n wọ fáàn, ó di Abúlé Òkúta. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tí epo dúdú ti mu. Èmi náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Dìde, aṣọ ẹ," ni bàbá wí fún un. Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ ni mo ti ń retí, kì í ṣe òun."

"Ẹ forí jì mí, Bàbá. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ níjọ́ yẹn?"

"Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ kẹ́ ẹ tó délé?"

Bàbá ya àkísà funfun kan sí mẹ́rin, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Wọ́n ní ẹ̀yin ará etí omi mọ kókó í ta. Ó yá, bá mi ta á." Ó ń nàka sí wáyà kọ̀ọ̀kan, mò ń ta á, kókó àwọ̀n tí kì í tú.

Awakọ̀ méjì ló padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn yòókù sọ pé ti Ṣómólú ti mọ́ àwọn lára. Kí n tó já ọmọ mi lẹ́nu ọmú, bàbá ti tú àtíbàbà náà, ó ti padà sílùú rẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ ta fáàn náà, ọkùnrin tó fẹ́ rà á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó rí àkísà mẹ́rin tó ti dúdú, ó fà sẹ́yìn.

"Ìyá, oògùn kí lẹ so mọ́ ibí yìí?"

"Ìwé ni," mo ní. "Ẹ má tú u."